Mo Sọ̀ Kalẹ̀ fún Gbogbo Àgbà Àbújá

Mo rántí ìgbà tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere jíṣẹ́ ìwé ní Àbújá, tí kò sí ọkọ̀ kan tó bẹ̀rù mi, tí èmi sì ń bẹ̀rù gbogbo ọkọ̀. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Jahi ló gbà mí, pé kí n máa gbé lẹ́tà àwọn lọ́yà kiri ìlú. Mo dúpẹ́ gidigidi, torí mo ti wá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ìyàwó mi sì wà nínú oyún.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo sì gbé e wá láti ilé. Ní abúlé wa lápá Kàbà, ọ̀dọ́ kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára àgbà. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò kí wọn, yóò ti kẹ̀kẹ́ kọjá wọn kó tó tún gùn ún. Àáfà tó kọ́ wa ní kéú kì í fi èyí ṣeré. Ó ní ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà tó ń rí, báwo ni yóò ṣe bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run tí kò rí? Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo kó tèmi dé orí títì Àbújá. Bí mo bá ti rí irun funfun, mo ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ibùdókọ̀ Jabi ló burú jù, torí àgbàlagbà tó ń wọkọ̀ lọ sílé níbẹ̀ kò lóǹkà. Mo máa ń kí wọn tán kí n tó rántí pé lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí lẹ́tà mẹ́ta ti pẹ́, ọ̀gá wa obìnrin, ọmọ Èkìtì, pè mí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo fún ọ àbí ìgbín?" Ó na àpò ìwé kan sí mi. "Lọ́yà kan ní Jabi ló ni í, ó fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù. Bí kò bá débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, gbé kẹ̀kẹ́ mi padà wá, kí o máa lọ sílé."

Mo ṣe bísímílà, mo wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Mo pinnu pé mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Àfi bí jíìpù dúdú kan ṣe dé ẹ̀yìn mi, tó ń fọn fèrè láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ní ẹni tó ń sáré tó ń wẹ̀yìn yóò fẹsẹ̀ kọ, mo wẹ̀yìn. Bàbá arúgbó kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, jókòó lẹ́yìn awakọ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti sọ̀ kalẹ̀ láàárín títì, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Awakọ̀ yọrí. "Kai, ṣé kẹ̀kẹ́ rẹ bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Bàbá ni mò ń kí."

"Bàbá tìẹ ni wọ́n ni? Kúrò lọ́nà jàre."

Bàbá náà yí gíláàsì wálẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé ara mi. Mo rò ó látòkè délẹ̀, títí kan iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ń fọn fèrè. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, tó nu omi ojú.

"Ọmọ mi, mo gba ìkíni rẹ lórúkọ gbogbo àgbà Àbújá. Má sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí o ó fi jíṣẹ́ tí wọ́n rán ọ." Ó kọjú sí awakọ̀. "Tan iná, kí o máa tẹ̀ lé e."

"Alájì, ẹ ní kẹ̀kẹ́ ni kí n máa tẹ̀ lé?"

"Òun náà ni."

Báyìí ni mo ṣe wọ Jabi, èmi níwájú, jíìpù lẹ́yìn mi tó ń ṣẹ́jú iná. Àwọn ọkọ̀ tó máa ń tì mí sí gọ́tà ń yà fún mi. Mégáàdì lọ́yà ṣí géètì gbàgà, ó kí mi bí ológun. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí n tó fi lẹ́tà lélẹ̀ kí n padà jáde, jíìpù ti lọ.

Iṣẹ́ náà kò bọ́. Òun ni mò ń ṣe nígbà tí a sọ ọmọ wa lórúkọ, ọmọ náà sì ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Mi ò mọ orúkọ bàbá náà dòní. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo kàn máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣàánú bàbá inú jíìpù dúdú. Jíìpù dúdú pọ̀ ní Àbújá bí eṣú, ó sì ṣeé ṣe kí àdúrà mi ti kan àwọn tó ń tì mí sí gọ́tà pàápàá. Kò burú. Ẹni tí mò ń wí yé Ọlọ́run.