Kídìnrín Tí Kò Sẹ́ni Tó Tọrọ Ẹ̀

Ẹ gbọ́ ná, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Adébùnmí fi rú mi lójú báyìí? Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirí fara ti ibi tí mo ti ń ta ìpara ní Festac, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò gbọ́ oògùn. Ó lo oníhóró funfun, ó lo oníhóró pupa, pàbó ló já sí.

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, dókítà ní kídìnrín òsì ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, iṣẹ́ abẹ ló kù. Orí Adébùnmí dàrú, kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó pe Bọ̀dá Clement tó ń gbé ní Alákijà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ kídìnrín fún mi."

Kíá ni ó dáhùn: "Èmi ò lè fún ẹ ní tèmi o! Èmi náà lọ́mọ." Ó gé fóònù. Hà! Ta ló bi í?

Bí ìròyìn ṣe tàn nìyẹn pé Adébùnmí ń wá ẹni tó máa fún un ní kídìnrín. Òun fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ta la rí lẹ́nu ọ̀nà? Nùsírátù ọmọ àdúgbò Kuje, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, tó sì kó oníbàárà rẹ̀ lọ. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Mo rò pé ìjà dé. Ó kúnlẹ̀: "Àǹtí, wọ́n ní méjì lèèyàn ní. Ẹ mú ọ̀kan lára tèmi."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ bá dókítà. Ẹnu yà á: "Ta ló ní ká gba kídìnrín ẹlòmíì? Tiyín dáa. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀ ló há. Kídìnrín wá rò pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yín ru. A máa gé díẹ̀ lára iṣan ẹ̀jẹ̀ itan yín, ká fi la ọ̀nà mìíràn fún un."

Nùsírátù bú sẹ́rìn-ín. Adébùnmí ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣe é, ó yọrí sí rere, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Lánàá, ó wá jókòó sọ́dọ̀ mi: "Ìyá Ezra, ẹni tó tọ́ mi kọ̀ fún mi. Ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu mi ló fẹ́ fún mi. Mi ò sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kankan! Kí ni kí n ṣe báyìí?"

Fóònù ẹ̀ dún: Bọ̀dá Clement ni. Ó wojú mi, mo wojú ẹ̀. Kò gbé fóònù náà, ó dún títí ó fi dákẹ́.