Ibùsùn Ilé Èrò

Ọdún tí ọmọbìnrin wa fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, ọkọ mi sọ fún gbogbo ará Ayédé pé ìtàn ìlú ni òun fẹ́ fi kọ. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nípò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ó gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó wá aṣọ funfun tí yóò máa fi bo kọ̀ǹpútà náà nítorí eruku, ó jókòó, ó sì kọ àkọlé. Àkọlé yẹn nìkan ló kọ títí ó fi kú. Géèmù tí ọmọ wa fi sínú rẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí géèmù náà ṣe rí, torí n kò tíì rí ilẹ̀ tó wù mí bíi ti inú rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ọ̀nà tí o máa gbà fún ọ. Òkè wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀ tí ìkùukùu máa ń bò láàárọ̀ bíi ti ọ̀nà Ìlúpéjú nígbà ọyẹ́. Bí o bá dúró láìṣe nǹkan kan, koríko á máa mì, òjò á rọ̀, á dá, oòrùn á wọ̀, òṣùpá tó tóbi ju tiwa lọ á sì yọ lẹ́yìn òkè. Jọ́gíráfì ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ, n kò sì kọjá Ìbàdàn rí. Inú máàpù nìkan ni mo ti rí ayé.

Ìdí tí n kò fi lọ jìnnà kò ṣòroó sọ. Nígbà tí àkọ́bí wa ṣì wà ní jẹ́léósinmi, mo wá àyè sí yunifásítì láti kàwé sí i, wọ́n sì gbà mí. Ọ́fíìsì ọkọ mi ni lẹ́tà náà dé sí, torí àdírẹ́sì ibẹ̀ ni a máa ń lò. Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá. Nígbà tí mo wá bi í, ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. Ó ní, "Mo gbàgbé." Èèpo ọsàn náà kò já lọ́wọ́ rẹ̀, ó bó o yípo títí dé ìdí.

Ó ní géèmù náà kì í ṣe ohun obìnrin. Nítorí náà, ọjọ́ tó bá gun ọ̀kadà lọ sí oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìgbólé ni èmi máa ń tan kọ̀ǹpútà. Ènìyàn ni o máa kọ́kọ́ dá: o máa yan ojú rẹ̀, ara rẹ̀, irun rẹ̀. Ti ọkọ mi jẹ́ jagunjagun fìrìgbọ̀n, irun rẹ̀ dúdú kirikiri, irin ló wọ̀ láti orí dé bàtà. Èmi dá obìnrin arúgbó kan, mo sì fún un ní irun funfun.

Èmi olùkọ́ fọwọ́ sí òfin tó wà níbẹ̀: ohun tí o bá ń ṣe ni o máa ń mọ̀ sí i. Bí o bá ń fi idà jà, ọwọ́ rẹ á mọ idà. Bí o bá ń fi asà dènà idà, asà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọkọ mi kàn máa ń sáré wọ àárín ẹranko ni, á máa ṣá wọn lọ. Èmi kọ́ láti dúró. Bí ẹranko bá gbé ọwọ́ sókè, màá fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ á ba ilẹ̀, ìgbà náà ni màá tó fún un ní tirẹ̀. Idán ńkọ́? Iná kékeré ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí kò gba agbára púpọ̀. Mo ń jù ú mọ́ ògiri àti òkúta bí mo ṣe ń rìn lọ, títí iná ńlá fi rọrùn fún mi. Ní ti yíyọ́ rìn, màá bọ́ bàtà, màá fara mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, màá sì dúró kí ẹ̀ṣọ́ kẹ̀yìn kí n tó gbẹ́sẹ̀. Èyí kò ṣòro fún mi rárá. Mo ti rìn bẹ́ẹ̀ nínú ilé ọkọ mi fún ọgbọ̀n ọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tètè dé láti oko, ó bá mi nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ta ni ìyá arúgbó yìí?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. "Tíṣà, o ò rí ẹlòmíràn dá? O wá kó ewú wọ inú géèmù."

"Ewú mi ni mo kó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ẹ gbé irun ọmọ ogún ọdún lé orí pípá."

Láti ọjọ́ yẹn la ti pín in. Òun ní òwúrọ̀, èmi ní ọ̀sán, bí iná bá wà. Bí ó bá kan èmi, òun á gbé àga sí ẹ̀yìn mi, á máa wò mí, á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹnubodè kan wà lórí òkè ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó wà ní ipele kìíní kọjá. Wọ́n á ní, "O kéré sí ọ̀nà yìí." Kò sí ibi tí a lè yọ́ gbà, mo ti fọwọ́ tọ́ gbogbo ògiri rẹ̀ wò. Ọwọ́ mi mọ iná, ẹsẹ̀ mi kò dún mọ́, síbẹ̀ oókan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Ọkọ mi ti kọjá tipẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ kí ó wu ni.

"Omi wà lẹ́yìn ibẹ̀ o, Tíṣà. Omi tí kò lópin. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ lórí rẹ̀ pẹ̀lú àtùpà, ìyẹn nìkan ni o máa rí, àtùpà tó ń lọ."

Omi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ní ojú àlá. Láàárín àlá, mo máa ń dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, bí ẹni fẹ́ yà á sára pátákó. Mo fẹ́ rí i ju bí mo ṣe fẹ́ nǹkan kan lọ ní ọdún yẹn.

Mo bi í pé, "Kí ló kù tí n kò ṣe?"

Ó ní, "Ìwọ ni tíṣà. Ronú sí i."

Mo ronú láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo pa ẹranko sí i, mo ju iná sí i. Oókan náà kò kúrò.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Orí pèpéle tí a ń sá kòkó sí lẹ́yìn ilé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, a sì gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ wa. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná nígbà tí ọkọ mi gun pèpéle lọ bá ọmọ wa sọ̀rọ̀.

"Kò sùn rí! Mo ní màmá yín ò sùn rí! Láti oṣù kejì ló ti ń rìn, kò fẹ̀yìn kan ibùsùn! Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá dé iwájú ilé èrò, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń sá fún òtẹ́ẹ̀lì!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Rárá, má sọ fún un. Mo ní má sọ fún un! Jẹ́ kó máa rìn."

Òótọ́ ló sọ. Níbi tí a ti tọ́ mi, obìnrin tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti dé Òyè kí òun fúnra rẹ̀ tó délé. Bí a bá rìnrìn àjò, ilé ẹbí la máa ń dé sí. Bí kò bá sí ẹbí, ilé ọmọ ìjọ. Nítorí náà, bí ìyá arúgbó mi bá dé ìlú kan nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí onílé èrò sì ní ibùsùn wà, mo máa ń yí i kúrò níbẹ̀ ni. Ó ń rìn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹsẹ̀ kì í dùn ún, n kò sì rò pé ó nílò oorun. Àṣé ojú oorun ni ohun tí ènìyàn kọ́ ti ń wọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá sùn kì í gòkè ní ilẹ̀ yẹn, bó ti wù kó mọ nǹkan tó. Ọkọ mi mọ̀. Gbogbo oṣù tó fi jókòó sẹ́yìn mi ló fi mọ̀.

Mo ṣa ẹ̀wà náà tán. N kò bá a sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, nígbà tó lọ sí Ìgbólé, mo wọ ilé èrò. Yàrá òkè ni wọ́n fún mi, fèrèsé kékeré kan, àbẹ́là kan. Mo bojú wẹ̀yìn ní pálọ̀ wa bóyá ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí. Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, orin kan ń dún láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tó sì mọ́lẹ̀, oókan ti di eéjì. Mo tún sùn. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo sùn, ẹ̀ẹ̀meje ni mo gòkè, torí gbogbo ohun tí mo ti kọ́ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Kí n tó ṣe tán, èmi gan-an ti ń tòògbé lórí àga.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yà fún mi láìsọ nǹkan kan. Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí omi náà. Ó wà bó ṣe sọ ọ́, kò parọ́ ti ìyẹn. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di aró, lẹ́yìn náà n kò mọ àwọ̀ tí mo máa pè é. Àtùpà kan ń lọ lórí rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, mo kàn ń wò ó títí mo fi gbọ́ ìró ọ̀kadà ọkọ mi.

Lẹ́yìn omi náà ni ihò àpáta kan wà tí ó ti dá ọkọ mi dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ilẹ̀ yẹn, bí o bá ṣe ń gòkè ni àwọn ẹranko náà ń le sí i. Òun ti sùn sórí gbogbo ibùsùn tó rí, ipele rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ọwọ́ idà nìkan ló dàgbà lára rẹ̀. Àwọn ẹranko inú ihò náà kò sì lójú, etí ni wọ́n ní. Bí bàtà irin rẹ̀ bá ti dún lórí òkúta, gbogbo wọn á tú jáde. Èmi bọ́ bàtà mi lẹ́nu ihò, mo rìn gba àárín wọn kọjá, n kò ju iná kankan.

Ó rí mi ní òdì kejì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ jókòó ti ẹ̀gúsí tí mo ń ṣẹ́. Ó tẹ̀ lé mi.

"Màmá." Tíṣà ló máa ń pè mí. "Báwo lo ṣe gba ibẹ̀ kọjá?"

Mo ṣẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mo gbàgbé."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́." Kò bi mí mọ́.

Ìparí òjò ọdún náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́. Á ní kí n bá òun tan kọ̀ǹpútà, á jókòó, á máa wo jagunjagun rẹ̀ lẹ́nu ihò. Mo máa ń tan án fún un. Mo máa ń bu omi fún un. N kò sọ. Ọdún kò parí tó fi lọ, wọ́n sì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó jẹ́ ẹni tó máa ń fi ọ̀nà han ènìyàn. Mo jókòó níwájú, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, bí ọ̀sán bá tutù, mo máa ń ṣí ti ọkọ mi dípò tèmi. Ó wà lẹ́nu ihò náà, òjò ń rọ̀ sí irun dúdú rẹ̀, bàtà irin sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni màá tẹ máòsì kí bàtà náà tó bọ́. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé e. Òjò á máa rọ̀, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá pa kọ̀ǹpútà, màá sì fi aṣọ funfun bò ó.