Ọmọ Ta Nìyí?

Òórùn òrí gbígbóná ṣì máa ń dá mi dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá mi fi gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá. Iwájú ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n ń forí sọ àwọn géńdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ti pápá dé. Màmá yọ́ òrí lórí termosifone, irin ara ògiri tó ń mú ilé gbóná, wọ́n sì ń fi ra èjìká Bàbá.

Bàbá tẹjú mọ́ mi. “Ọmọ ta nìyí?”

Eré wa ojoojúmọ́ nìyẹn: tí mo bá ti dáhùn, wọ́n á gbé mi sókè.

“Tua, papà.” Tiyín ni, Bàbá.

Wọ́n yíjú sí Màmá, wọ́n tún béèrè, jẹ́jẹ́. Ọwọ́ Màmá dúró.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn ò ṣeré lọ́jọ́ náà, pé orí tí wọ́n fi ń sọ àwọn géńdé ò dá mi mọ̀ mọ́. Lọ́sàn-án yẹn, ńṣe ni mo ṣì na ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń retí kí wọ́n gbé mi.