Ààlè Tí Mo So Lójú Ọ̀nà Ìbà

Ẹ má wí fún mi pé ilẹ̀ ìjọba kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Etí mi ti kún fún un. Ilẹ̀ tí mo ń sọ yìí wà lójú ọ̀nà tó ti Okokomaiko wọ Ìbà. Ìjọba ri bọ́ọ̀dù kan mọ́ iwájú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bọ́ọ̀dù náà dípẹtà títí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fi pa rẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ibẹ̀, koríko ti ga ju orí mi lọ, gbogbo àdúgbò ló sì ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé. Ìgbà tí èmi gbé ọkọ́ débẹ̀ ni ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní olóhun.

Ìgbà sápù ni, ètò ìjọba tó jẹ́ kí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Gàrí tí a máa ń fojú di tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí à ń fẹsẹ̀ wá kiri ọjà. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ dá wọn dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó sì ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ abíyá wálé. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n fi aṣọ pupa tẹ́ inú rẹ̀. Ó ní wọn yóò pe òun padà láìpẹ́. Ó fi aṣọ náà kọ́ ara ògiri, ó ń gbọn eruku rẹ̀ lárààárọ̀, lẹ́yìn náà ló máa lọ jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Mo fara dà á títí. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ò sì lè jẹ ìrètí.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn. Mo sá fún ọkọ́ wá sí Èkó, ẹ wá wo bí ọkọ́ ṣe tún wá mi rí. Mo kó ìdọ̀tí ibẹ̀ jọ, mo dáná sun ún, mo ṣán koríko, mo kọ ebè. Bàbá àwọn ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹni tó mọ òun ń kọjá.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé torí oko la ṣe wá sí Èkó ni?"

"Ṣé torí ebi la ṣe wá ni?"

Lọ́jọ́ kejì, òun náà mú àdá dání.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ni mo ti tọrọ igi ẹ̀gẹ́. Mo rù ú lórí dé Okokomaiko, àwọn ọmọ kọ̀ndọ́ ní ibùdókọ̀ sì ń pè mí ní ìyá olóko. Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀ dáadáa! Ilẹ̀ tó ti jẹ ìdọ̀tí àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́ràá ju ilẹ̀ bàbá mi lọ. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí àárín ebè, òun la ń jẹ títí ẹ̀gẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀lé mi. Ìyá Ègùn kan gbin ata sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkùnrin Ìgbò kan tó ń tajà ní Alábà gbin ilá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. A ò bá ara wa jà. À ń fi ata gba ilá, à ń fi ẹ̀fọ́ gba ata.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ yẹn ni gbogbo ìgbọ́kànlé mi. Bó bá gbó, màá rin ín, màá yan gàrí, àwọn ọmọ ò ní febi sùn títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo dé oko tí mo bá ihò níbi tí ẹ̀gẹ́ wà. Olè ti hú lára rẹ̀, wọ́n ju igi rẹ̀ sí poro. Yéè! Mo ṣépè títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n tún padà wá. Olójú ò ní lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́, mo bá rántí ààlè.

Lábúlé wa, ẹni tó bá fẹ́ kí ohun rẹ̀ dúró níbi tó gbé e sí, ààlè ni yóò pa sí i. Ìbáà ṣe igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà, ìbáà ṣe ọsàn tó ń so, wàá rí àkísà tàbí ògbólógbòó ìgbálẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ohun náà ní olóhun, àti pé bó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá dé bá a, kó má fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Bàbá mi máa ń pa ààlè, ṣùgbọ́n kò pe ọfọ̀ kankan sí i rí. Ó ní ọkàn olè ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìgbálẹ̀.

Mo mú ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbá ìdí ààrò, mo mú ṣúkù àgbàdo kan àti ìkarahun ìgbín kan. Ó ku àkísà pupa. Mo wo ara ògiri. Mo já aṣọ iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi bọ́, mo fi abẹ ya pupa inú rẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, nítorí náà, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, mo kọ́kọ́ gba àdúrà òwúrọ̀ tán kí n tó lọ so ó. Ibi tí ọ̀nà ti wọ oko ni mo so ó sí, kó lè ṣọ́ ohun tí gbogbo wa gbìn.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi rí i, ó dúró wò ó.

"Aṣọ mi nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ó kúkú ti ríṣẹ́," ló wí, ó sì ń ro oko rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, olè ò débẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń da ìdọ̀tí gan-an gba ibòmíràn lọ. Ìyá Ègùn rò pé ọkùnrin Ìgbò ló so ó, ọkùnrin Ìgbò rò pé ìyá Ègùn ni, àwọn méjèèjì sì ń kí ara wọn tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó fura sí èmi, torí wọ́n ń rí mi nínú sútánà. Aládùúgbò mi kan tiẹ̀ sáré wá bá mi nínú yàrá: "Ìyáa wa, ẹ rọra o! Nǹkan tí wọ́n gbé sí ọ̀nà Ìbà yẹn, ẹyẹ ò gbọdọ̀ fò kọjá lórí rẹ̀!" Mo ní háà, Ọlọ́run ó ṣọ́ wa.

Nígbà tó yá, kánsù kó àwọn òṣìṣẹ́ wá pé kí wọ́n ṣán gbogbo ohun tí a gbìn, torí ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ wá wo ọ̀nà. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo gbé abọ́ òfìfo lérí bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Àwọn òṣìṣẹ́ dé ìdí ààlè, wọ́n dúró gbagidi.

"Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ ṣán an!" ni ọ̀gá wọn ń pariwo.

Ọ̀kan nínú wọn tẹrí ba fún un. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jù wá lọ. Ẹ máa ṣíwájú, a ó tẹ̀lé yín."

Ọ̀gá wo ìkarahun ìgbín, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní oòrùn ti mú jù. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Háà, mo rẹ́rìn-ín délé! Ẹ̀rín yẹn ni mo padà wá fi ẹkún rọ́pò, torí ìròyìn ọ̀rọ̀ náà ò dúró sí Okokomaiko. Ó dé Ajangbadi, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Abẹ́ páànù kan ni à ń lò ní Ajangbadi nígbà náà, onílẹ̀ sì ti ní ká kó jáde. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wòlíì wa dìde, ó ní òun ríran. Ó ní agbára òkùnkùn kan jókòó sójú ọ̀nà Ìbà, òun ló so ìràwọ̀ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí àwọn ọkọ wa ríṣẹ́. Gbogbo ìjọ ké háà. Ó ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ a ó lọ fà á tu. Èmi náà gbààwẹ̀. Ẹ gbà mí, mo febi pa ara mi nítorí ìgbálẹ̀ ìdáná mi!

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo lọ bá wòlíì nígbà tó ku òun nìkan, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo so nǹkan yẹn. Kò sí oògùn níbẹ̀, olè ni mo fi ń dẹ́rù bà. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ mi máa jẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbó, èmi fúnra mi ni màá já a dànù."

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyáà mi, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Oko ni wọ́n bí èmi náà sí. Mo kọjá níbẹ̀, mo rí ìgbálẹ̀ àti ṣúkù. Ta ló ń fi ìyẹn ṣe oògùn?"

"Kí wá ni à ń gbààwẹ̀ sí, Bàbá?"

"Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn, ṣé òun náà ò sí ni?" Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn o, torí tiyín ni mo ṣe ń wí. Ẹ máa lọ, ẹ̀gẹ́ yín ò ní ṣòfò."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pé ààlè nìkan ni yóò fà tu, pé yóò fi oko sílẹ̀. Àní mo dúpẹ́!

Ọjọ́ ìsinmi pé. Gbogbo wa wọ funfun, a tan àbẹ́là lójú oòrùn, a ń lu agogo bọ̀ láti Ajangbadi. Àwọn èrò títì dúró ń wò wá. Wòlíì kígbe, ó fò sókè, ó fa ìgbálẹ̀ mi tu, ó ṣubú, ó dìde. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sun ún. Èéfín aṣọ iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi kún imú mi. Wòlíì wá nàka sí oko, ó ní ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ ègún ò gbọdọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí Olúwa ti gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ya wọ oko. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n tẹ ata mọ́lẹ̀, wọ́n fa ilá tu. Ẹ̀gẹ́ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sanra ni.

Ọmọbìnrin mi àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Màámi, ẹ̀gẹ́ wa!" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Bí mo bá ní tèmi ni ẹ̀gẹ́, a jẹ́ pé tèmi náà ni ààlè, kí n sì tó ṣàlàyé, wọn á ti pè mí ní àjẹ́. Wòlíì wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò.

Ẹ̀gẹ́ náà ò ṣòfò lóòótọ́. Wọ́n kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i, wọ́n ní kí àwọn aláìní jáde wá gbà. Wọ́n pè mí síwájú, torí ọkọ mi ò níṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ìborùn mi, wòlíì fọwọ́ ara rẹ̀ kó díẹ̀ sí i nínú ẹ̀gẹ́ mi, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó ń pèsè. Mo ní àmín.

Bàbá àwọn ọmọ mi wo ẹ̀gẹ́ náà nílé, ó mọ̀ ọ́n. A sè é jẹ, kò sì pẹ́ tó tán. Kí òjò ọdún kejì tó dé, a ti mú ọmọbìnrin mi àgbà lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, torí oúnjẹ ò kárí wa mọ́. Òun tí mo bò lẹ́nu náà ni.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sun ìgbálẹ̀ mi gan-an ni wòlíì ri igi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, ó sì so aṣọ funfun mọ́ wọn. Kánsù tún padà wá, ọ̀gá ọjọ́sí náà ló kó wọn wá. Ó rí aṣọ funfun, ó ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà fún un, ó lọ. Kò pẹ́ tí búlọ́ọ̀kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé síwájú ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ìṣẹ́gun kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ààlè lèmi mọ̀ ọ́n sí.

Òjò rọ̀. Mo tún lọ tọrọ igi ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, mo ní ẹ̀yìn ilẹ̀ náà lọ́hùn-ún ṣì ṣófo, kò sẹ́ni tó máa rí mi. Mo dé ìdí aṣọ funfun. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi so ìgbálẹ̀ rí, èmi tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkankan nínú àkísà, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè pé kí n kọjá, ẹsẹ̀ náà kọ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo bú ara mi, mo tún gbé e, ó tún kọ̀. Mo ru igi ẹ̀gẹ́ mi padà sílé. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo fi wọ́n dáná.