Iyọ̀ Lára Ọ̀gá-Ọkọ̀

Naomi Ṣóbọ̀wálé kì í fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ kí ẹja bàbá rẹ̀ tó jẹun. Bó bá ti jí, yóò wo bóyá páǹpù ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi, yóò fi àkísà tútù nu iyọ̀ tó gbẹ mọ́ etí gíláàsì, yóò fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí bàbá rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Odò ni wọ́n ń gbé. Àtẹ̀gùn ilé náà há, ó sì yípo láàárín, débi pé ọkùnrin mẹ́rin ló là á kọjá tòógùn-tòógùn nígbà tí wọ́n ń gbé Bàbá Ṣóbọ̀wálé gòkè láti ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, bàbá kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Naomi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jìnnà jù, ó dé ọjà, ó sì sáré padà.

Kúùkù ni bàbá náà nínú ọkọ̀ ojú omi ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò mú nǹkan kan bọ̀ láti orí òkun ju ọgbọ́n à ń tọ́jú ẹja omi iyọ̀ nínú ilé. Àpótí gíláàsì rẹ̀ gùn tó ẹni tó nà gbọọrọ, iyanrìn àti òkúta wà nísàlẹ̀ rẹ̀, edé méjì ń rìn láàárín wọn. Ẹja tó dàgbà jù níbẹ̀, pupa abilà funfun, Ọ̀gá-Ọkọ̀ ni bàbá ń pè é. Iwájú bẹ́ẹ̀dì gan-an ni wọ́n gbé àpótí náà sí, kó lè máa wò ó. Zikrullah ló ń bá wọn pọn omi òkun. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré gbé tìmùtìmù lọ fún àwọn oníbàárà ní Ajah. Bó bá ń bọ̀, á yà sétí òkun, á pọn ún kún jẹ́ríkàn.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn gba Naomi wọlé. Kò lè lọ. Lọ́dún yìí wọ́n tún gbà á, wọ́n sì sọ fún un pé bí kò bá yọjú kí oṣù tó parí, kó má wulẹ̀ bẹ àwọn mọ́. Àǹtí Agnes, àbúrò bàbá rẹ̀, opó tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ti ní òun yóò kó wá máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun.

"Agnes lè tọ́jú mi," ni bàbá wí. "Ṣé ó lè tọ́jú ẹja?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Zikrullah mú ẹja kékeré kan wá nínú ọ̀rá, dúdú tó ní ìlà òféèfèé, èyí tí àwọn apẹja ní kó mú lọ fún bàbá olómi iyọ̀.

"Ṣé kí n kọ́kọ́ fi sínú ike?" ni Naomi bi í. Ó rántí pé bàbá òun kì í jẹ́ kí ẹja àlejò bá onílé pàdé kíákíá.

"Dà á sí i jàre. Ọmọ òkun ni gbogbo wọn."

Ó dà á sí i lójú bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹja náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ha òkúta. Lẹ́yìn náà ni funfun yọ sí wọn lára, wínníwínní, bí ẹni pé ẹnìkan bu iyọ̀ wọ́n wọn. Ti Ọ̀gá-Ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Ó lọ dúró sídìí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó, ó ń mí gúlegúle.

Bàbá wo ẹja, ó wo ọmọ rẹ̀. "Mi ò lè jẹ́ kí o lọ kí ẹja máa kú lójú mi. Bí ara wọn bá yá, kí o máa lọ. Mo ti sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ìlọ Naomi ṣe so mọ́ ara ẹja.

Àǹtí Agnes gbọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn àti ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Ó tẹ̀ wo inú gíláàsì.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo ojú ẹja yín bí ojú ẹni tí onílé lé jáde."

"Agnes, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ n da díẹ̀ sí i ṣá. Àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́."

"Àǹtí, omi yẹn ò níyọ̀," ni Naomi wí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ sè é?"

Ó gbàdúrà, ó da omi náà sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sí ẹyọ funfun kan lára ẹja kankan. Ọ̀gá-Ọkọ̀ kúrò nídìí afẹ́fẹ́, ó wá oúnjẹ rẹ̀ wá. Naomi jókòó sílẹ̀ níwájú gíláàsì, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ wo ẹja náà títí.

"Ó dáa," ló wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Naomi kúnlẹ̀ níwájú ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí rẹ̀, wọ́n jẹ́rìí, ìjọ bá wọn dúpẹ́. Zikrullah dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ilé.

"Àǹtí Agnes, ṣé ẹ dárúkọ mi? Èmi ni mo pọn omi náà láti òkun o."

"Ìwọ tó o máa ń pẹ́ dé ìrun, ìjẹ́rìí ta lo fẹ́ wọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Naomi gòkè lọ ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Báàgì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí funfun náà padà. Ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ó bo ìrù, ó bo ojú. Naomi fẹ́ sáré lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ ajá àti ti ẹja nítòsí Ìyànà Ìpájà, bóyá ó ní oògùn. Àǹtí Agnes, tó ti kó wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, ti ẹ̀yìn fa aṣọ rẹ̀.

"Oògùn kí ni? A ti jẹ́rìí, Naomi. Ẹnu tí a fi dúpẹ́ níwájú àgbà àti ọmọdé, a ò ní fi sọ pé àrùn ti padà. Bí a bá sọ ọ́, a ti pè é nìyẹn."

"Àǹtí, ó wà níbẹ̀."

"Má wò ó."

Ó bọ́ aṣọ funfun tó fi bo ọrùn, ó ta á bo gíláàsì. Naomi wo bàbá rẹ̀, bóyá yóò sọ nǹkan. Bàbá kọjú sí ògiri. Odidi ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi gbé inú yàrá náà pẹ̀lú ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ. Naomi ń ti abẹ́ aṣọ fọ́n oúnjẹ láìwo omi. Ṣùgbọ́n etí kò ní ìdérí: ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ha ara mọ́ òkúta, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń ṣí nídìí. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ lọ sọ́jà láàárọ̀ kan, ó fa aṣọ náà bọ́. Ẹja àlejò ti kú. Òmíràn ti kú tì í. Ọ̀gá-Ọkọ̀ ń mí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti funfun bí ẹni pé wọ́n yí i ní ìyẹ̀fun.

"Dádì, ẹ wò ó."

"Mo ti mọ̀."

"Aṣọ ló bò ó. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ara wọn ò yá rí. Kòkòrò ni. Abẹ́ awọ ẹja ló ti ń jẹun. Tó bá yó, á já bọ́ sínú iyanrìn, ẹ ó rò pé ó ti lọ. Ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló gòkè wá yìí."

"Ẹ mọ èyí, ẹ sì jẹ́ kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú ìjọ."

Bàbá ń wo Ọ̀gá-Ọkọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí ẹja àlejò kọ́kọ́ dá wà."

"Èmi ni." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fa òsì tó ti kú sórí ikùn. "Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ṣàìsàn, Naomi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ẹyọ àkọ́kọ́, inú mi ò bàjẹ́."

Naomi dúró. Ó jọ pé yàrá náà kéré ju ti àná lọ. Ó bi í pé, "Kí ni oògùn ẹ̀?"

"Kó gbogbo ẹja jáde. Oògùn búlúù kan wà, inú ike lọ́tọ̀ ni kó o ti lò ó fún wọn. Má dà á síbí, edé á kú, iyanrìn á sì fà á mu. Kí àpótí yìí wà láìsí ẹja. Bí kòkòrò náà ò bá rí ara tó máa lẹ̀ mọ́, ebi á pa á kú. Ó máa ń tó oṣù méjì, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀."

"Ìbàdàn ò ní dúró dè mí fún oṣù méjì."

"Mo mọ̀."

Naomi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà. Ó ra oògùn náà. Ó fi àwọ̀n kékeré kó àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú ọpọ́n ike ńlá tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, òun àti Zikrullah sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá Zikrullah, pẹ̀lú páǹpù kékeré.

"Tìmùtìmù nìkan ni Zikrullah mọ̀," ni bàbá wí.

"Á kọ́ ọ. Ẹ ó máa kígbe sí i láti ojú fèrèsé."

"Bàbá, mo ti ń gbọ́ yín o," ni Zikrullah dáhùn láti ìsàlẹ̀.

Àǹtí Agnes padà dé, ó bá gíláàsì láìsí ẹja. Naomi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Àǹtí Agnes wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọn aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a sínú báàgì tirẹ̀, ó ní kí Naomi fi bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀gbọ́n òun padà lórí bẹ́ẹ̀dì han òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Naomi ń lọ, kò sí ẹja tí yóò bọ́. Síbẹ̀ ó lọ wo páǹpù, ó fi àkísà nu etí gíláàsì. Omi náà mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó ń mira níbẹ̀ àfi àwọn edé.

"Má pa iná ẹ̀," ni bàbá wí. "Kòkòrò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri báyìí, ó ń wá ara."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dádì?"

"Ẹja la ń sọ. Máa lọ."

Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé báàgì. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yípo, ó dúró. Ó ń gbọ́ páǹpù tó ń hó fún omi tí kò ní ẹja. Ó retí kí bàbá rẹ̀ pe òun. Kò pè é. Báàgì náà ti há mọ́ ògiri méjèèjì. Ó yọ ọ́, ó gbé e síwájú, ó fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀.