Ọjọ́ Tí Ẹ̀gà Bò Mí Nínú Ìrẹsì Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀ tí ìyá mi ní kí n ṣọ́ ìrẹsì ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlúpéjú-Èkìtì ni ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú.

Látìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mi ò níṣẹ́ kankan. Ni mo bá sọ ẹyẹ ẹ̀gà dọ̀rẹ́. Láràárọ̀, màá lu agolo, màá da ọkà bàbà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti gbọ́ agolo báyìí, wọ́n ti dé. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ náà, ìrẹsì ti pọ́n, Àbámẹ́ta la fẹ́ kórè. Màmá lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gà mẹ́ta péré bà sórí ìrẹsì. Kí lèmi ọ̀mọ̀wé ṣe? Mo gbé agolo, bí gbogbo ayé ṣe ń lé ẹyẹ, mo ń lù ú kíkankíkan. Háà! Ẹ̀gà ìlú ya dé! Bí mo ṣe ń lù ú ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Mo pariwo, mo ń ju ẹ̀wù mi fìrìfìrì. Ọ̀kan bà lé mi léjìká, ó ń wo ọwọ́ mi, bí ẹni pé, "Oúnjẹ dà?"

Ibẹ̀ ni Màmá bá mi. "Délé! Ṣé ò ń lé wọn ni, àbí ò ń gbà wọ́n lálejò?"

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo wọn fò lọ. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún.

Màmá wo ìrẹsì tó ṣẹ́kù, ó wò mí. "Wọ ulé lọ, kí o tilẹ̀kùn. Wọn ò gbọdọ̀ rí ẹ títí a ó fi kórè."

Báyìí ni wọ́n ṣe sé géńdé ọkùnrin mọ́lé lọ́jọ́ méjì, kí ẹyẹ má bàa rí i.