Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Bàbá Bísí

Ọjọ́ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fótò lórí fóònù ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi. Bàbá Bísí, ọkọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Fótò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù: òun, Sálámì ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dúpẹ́ àti Zákárì tí wọ́n jọ ń dáko, nínú oko iṣu ní ìlú Kaboua. Mo fẹ́ yọ ojú tirẹ̀ nìkan sọ́tọ̀.

Fọlákẹ́, ayàfótò tí mo lọ bá ní agbègbè Plateau, ní, "Ìyá, ẹ rọra fa igun rẹ̀ wọlé."

Mo fà á kọjá, mo sì tẹ ibi tí kò yẹ. Bàbá Bísí pòórá! Ewé iṣu nìkan ló kù.

"Yéè! Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì!"

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Ìyá! Ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́!"

Fọlákẹ́ tẹ àmì ọfà tó ń dá nǹkan padà sẹ́yìn. Ọkọ mi yọ padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin àti ọkọ yín ò ní pa mí o," ni Fọlákẹ́ wí.

Mo tún un gé, ó bọ́ sí i. Àmọ́ ọwọ́ kan ṣẹ́ kù léjìká rẹ̀. Fọlákẹ́ fẹ́ pa á rẹ́.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ Sálámì ni. Ọwọ́ yẹn ló gbé e dé ilé ìwòsàn."

Fótò náà wà lára ògiri mi báyìí. Bí mo bá jí láàárọ̀, àwọn méjèèjì ni mo máa ń kí.